Ojú Màmá Olúkọ́ Nínú Géèmù Wa

Ojú òkú ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kí ẹ tó sọ pé ẹnu mi ò dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́rẹ́, pósítà ìsìnkú ló ń bọ́ wa. Káàdì ìgbéyàwó máa ń wá lásìkò tirẹ̀, àwọn olóṣèlú máa ń wá lọ́dún ìdìbò, ṣùgbọ́n òkú ò ní àsìkò. Wọ́n á mú fọ́tò kékeré kan wá, èyí tí omi ti wọ̀ nínú àpótí, wọ́n á ní kí a sọ ọ́ di bàbá tó wọ agbádá, tó jókòó sórí àga ńlá. Iṣẹ́ mi ni kí n wá agbádá fún orí, kí n sì wá ọrùn tó máa so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀gá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Sámì, kì í pariwo. Ní oṣù kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo tún ojú bàbá olóògbé kan ṣe. Mo fọ awọ rẹ̀ mọ́, mo pa gbogbo ìhunjọ rẹ̀ rẹ́. Mo wá wò ó pé ilà ojú bàbá náà ń ba iṣẹ́ mi jẹ́, ni mo bá pa òun náà rẹ́. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé dé, èyí àgbà nínú wọn wo pósítà náà títí, ó wá bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ta lẹ fẹ́ bá wa sin?" A sì ti tẹ gbogbo pósítà náà tán. Ọ̀gá Sámì tún wọn tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó.

"Dáyọ̀," ó ní, "ojú kì í ṣe tìrẹ. Olójú ló lojú. Bó o bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, bi í."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló máa ń sọ pé àwọn ti gbọ́.

Nígbà tí Ọ̀gá Sámì fẹ̀yìn tì, tó padà sídìí oko kòkó rẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lójú títì, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbórí sókè lẹ́nu ìlẹ̀kùn, òkè Olósunta lẹ ó máa wò. Ibẹ̀ ni Bùkọ́lá ti wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ Adó ni, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní òun ń ṣe géèmù orí fóònù. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Moróunkẹ́jì ṣìnà lóko, ó sì fẹ́ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Yóò gba inú oko kòkó, yóò gun àpáta, yóò sọdá odò. Ẹni tó ń gbá géèmù náà ni yóò máa darí rẹ̀.

"Ti kóòdù ò le fún mi," Bùkọ́lá ní. "Àwòrán ni mi ò mọ̀ ọ́n yà. Àmọ́ AI wà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ẹ mọ ojú, èmi mọ kóòdù, ẹ̀rọ á ṣe èyí tó kù."

Fún ẹni tí kò bá tíì pàdé AI yìí, ẹ̀rọ kan ni, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ fẹ́ rí ránṣẹ́ sí i, yóò yà á fún yín kí ẹ tó mu omi ife kan tán. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, kò síṣòro. Ṣùgbọ́n géèmù kì í ṣe pósítà. Nínú géèmù, ẹ nílò Moróunkẹ́jì tó dúró, Moróunkẹ́jì tó ń sáré, èyí tó fò, èyí tó ṣubú, èyí tó kẹ̀yìn sí wa, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ kan náà. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè, ọmọ tuntun ló ń bí. Èmi àti Bùkọ́lá ní ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nígbà náà. A máa ń ní ojú ò dúró.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ojú ò fi dúró. Moróunkẹ́jì tó fò kúrò lórí àpáta jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa balẹ̀, ó ti tó ẹni ogún ọdún, ó sì ti kun èékánná. Ẹ̀rọ náà so kòkó mọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka bí ẹni so ọsàn, kò mọ̀ pé ara ìtí igi gan-an ni kòkó ti ń so. Mo ní kó ya àpáta Ìkẹ́rẹ́ fún mi, ó da yìnyín lé e lórí. Mo ní kó ya obìnrin tó ń gúnyán, ó fún un ní odó tí kò ju ife tíì lọ, ó wá fi ọwọ́ kẹta kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," Bùkọ́lá ní. "Iyán á tètè kúnná."

Ohun tó wá yọ wá ni pé èèyàn lè kọ́ ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá kó ọgbọ̀n tàbí ogójì àwòrán nǹkan kan fún un, ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀gbẹ́, ti inú oòrùn àti ti abẹ́ ibòòji, tí ẹ sì sọ nǹkan náà lórúkọ, yóò fi orúkọ yẹn dá a mọ̀. Èmi fúnra mi fọwọ́ ya Moróunkẹ́jì sínú bébà ní ọ̀nà ọgbọ̀n, mo kó o fún un, ọmọ náà sì gbà láti jẹ́ ẹyọ kan. Igi kòkó, àpáta àti ilé alámọ̀, a fi fóònù ya wọ́n káàkiri títí dé ìgbèríko, àwọn náà gbà. Ẹni tó kù wá ni ìyá àgbà tí yóò máa jókòó ní ìkòríta, tí yóò máa fọ̀nà han ọmọ náà. Mo gbìyànjú, mi ò rí i yà. Ohun tí ayé ti kọ sójú àgbà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ mi lè kọ lọ.

Ilé kejì sí ṣọ́ọ̀bù mi ni Màmá Olúkọ́ ń gbé. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Kò fìgbà kan gba owó oṣù olùkọ́ rí. Àwọn ọmọdé ìjọ wa ló ń kọ́ ní Bíbélì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Bùkọ́lá. Èmi náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn rí, ó sì ti fa etí mi rí. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí ilé-ìwé bá ti jáde, iwájú ilé rẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò máa ń ṣeré sí títí àwọn ìyá wọn á fi tọjà dé. Ojú rẹ̀ gùn, ó sì ní ilà kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, kò sí nǹkan kan ní ọ̀tún. Wọ́n sọ fún un pé nígbà tí olóòlà kọ ti òsì tán, òun fi ẹsẹ̀ gbá igbá rẹ̀ dànù, ni bàbá òun bá ní ọ̀kan náà tó.

Mo lọ bá a lọ́sàn-án, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ yà á ní fọ́tò, ó sì máa pọ̀ díẹ̀.

"Ṣé mo ti kú ni?" ó ní. "Uṣẹ́ tìrẹ kọ́ ni ojú òkú?"

"Rárá o, Màmá. Géèmù ni, eré orí fóònù àwọn ọmọdé."

"Kí ni mo ń ṣe nínú ẹ̀?"

"Ọmọ kan ló ṣìnà lóko. Ẹ̀yin lẹ máa wà ní ìkòríta, tí ẹ máa júwe ọ̀nà ulé fún un."

"Ìyẹn dáa," ó ní. "Uṣẹ́ mi náà ni." Ó wọlé lọ, ó lọ wọ ìró àti bùbá tó dáa, ó wé gèlè.

Ogójì fọ́tò ni mo yà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jókòó sórí àpótí, mo wá ń yí àpótí náà díẹ̀díẹ̀, mo ń yà á láti gbogbo ìhà. Ó ní, "Dáyọ̀, ò ń yí mi bí ẹni ń sun uṣu. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jiná, kí o sọ fún mi." Mo rẹ́rìn-ín débi pé fọ́tò méjì gbọ̀n.

Bí mo ṣe kó fọ́tò wọ̀nyẹn fún ẹ̀rọ, ojú dúró. Wàhálà kékeré kan ló ṣẹ́ kù, ilà náà ń fò láti òsì bọ́ sí ọ̀tún, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń yí àwòrán sódì kó lè rí púpọ̀ fi kọ́ ara rẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn, mo pa á. Láti ìgbà náà, ibi tí ẹ wù kí ẹ gbé Màmá Olúkọ́ sí, nínú oòrùn, nínú òjò, lórí ìjókòó, lórí ìnàró, Màmá Olúkọ́ náà ni, ilà kan ní òsì. Mo tẹ ọ̀kan jáde, mo mú un lọ fún un. Ó fi han gbogbo ọmọ tó wá síwájú ilé rẹ̀ pé wọ́n ti fi òun sínú géèmù. Mi ò rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí géèmù délẹ̀, Bùkọ́lá gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí wọ́n gbá a wò. Wọ́n ní ó rẹwà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n gbé e kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé kò sí ohun tó ń lé ọmọ náà, kí ló wá fẹ́ sáré fún. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A wá pinnu pé gbọ́mọgbọ́mọ ni yóò máa lé e, torí ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ló wà lọ́kàn gbogbo òbí lágbègbè wa nígbà náà. A pè é ní Alápò, yóò gbé àpò ìdọ̀họ kọ́ èjìká.

Ìdíje kan wà fún àwọn tó ń ṣe géèmù kéékèèké, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n tì í. Mo ní kí ẹ̀rọ ya ọkùnrin kan tó burú. Ojú ò dúró. Ó yà á ní ọ̀dọ́, ó yà á ní arúgbó, àpò rẹ̀ di ìrọ̀rí, ìrọ̀rí di ọmọ jòjòló. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ sórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, inú ń bí mi, ebi ń pa mí, mo kọ orúkọ tí mo fi kọ́ ẹ̀rọ láti mọ Màmá Olúkọ́, mo fi kún un pé kí ojú pupa, kí ọwọ́ gùn, kí àpò ìdọ̀họ wà léjìká. Mo ní kó yà á láti ìhà mẹ́jọ. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìní àbùkù. Ẹ̀rù ba èmi alára.

Mo pe Bùkọ́lá kó wá wò ó. Kò sọ̀rọ̀ kíákíá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá Olúkọ́ nìyí."

"Kì í ṣe òun. Ṣé ojú Màmá pupa ni?"

"Ilà wọn wà níbẹ̀."

"Mo yọ ọ́ wò, ojú ò dúró mọ́." Mi ò parọ́. Ilà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ dì mú.

"Ìyá àgbà tó ń fọ̀nà hàn wá ńkọ́? Wọn ò lè jẹ́ méjì."

"Ẹyẹ la máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹyẹ ò le yà."

Ó kọjú sí mi. "Ṣé ẹ máa sọ fún Màmá?"

"Màá sọ fún wọn lọ́la."

Mi ò sọ ọ́ lọ́la, mi ò sọ ọ́ lọ́túnla. Mo ní ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í gbá géèmù. Mo ní àwọn òyìnbó ni yóò gbá a, ta ni yóò rí i ní Ìkẹ́rẹ́? Mo ní eré ṣáà ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní àwíjàre mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo, ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi.

A ò gba ipò kankan nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n wọ́n dárúkọ wa níbẹ̀, wọ́n sì yìn wá ní pàtàkì pé àwòrán wa ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìròyìn náà dé Ìkẹ́rẹ́. Àwọn òbí ní géèmù ọmọ wa ni, wọ́n gbà á sórí fóònù, wọ́n gbé e fọ́mọ. Ẹni tí kò ní dátà gbà á láti orí fóònù ẹlòmíràn, ó sì ràn bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ilé. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ́jọ́ kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, Alápò yín yẹn mà jọ Màmá Olúkọ́ o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi tí mò ń lọ.

Láàárín oṣù kan, iwájú ilé Màmá dá páropáro. Àwọn ọmọ ń gba apá kejì títì kọjá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí ó ti jẹ́ pé ọmọ máa ń pọ̀ débi tí àwọn kan á jókòó sílẹ̀, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló kún, àwọn tó wà lórí rẹ̀ náà sì jẹ́ àwọn tó ti dàgbà tó láti bá àwọn àgbà kọrin. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo yára wọ inú ìsìn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó.

"Dáyọ̀, ọmọ mi," ó ní, "kí ni mo ṣe fún àwọn ọmọ yìí?"

"Ọmọ wo, Màmá?"

"Gbogbo wọn. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á sá wọ ulé. Tọ́pẹ́ ẹ̀gbẹ́ ulé mi, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ó rí mi lánàá, ó ké." Ó gbé ọwọ́ aṣọ rẹ̀ símú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé mò ń rùn ni? Sọ fún mi, mi ò ní bínú. Àgbà kì í mọ̀ bó bá ń rùn."

Àyè láti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ọlọ́run gbé e síwájú mi, ó tún fi àga sí i. Mo wo kọ̀ǹpútà mi, mo ní, "Ìdánwò ló kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá. Ìwé ni wọ́n ń kà."

"Ìdánwò," ó ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo aṣọ tó ní ló wà lórí okùn, títí kan èyí tí kì í wọ̀ ju ọjọ́ Kérésì lọ. Ó ti fọ gbogbo rẹ̀. Nínú ohun gbogbo tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ọjọ́ náà ló ń dùn mí jù, ó sì ń dùn mí dòní.

Ìyá Tọ́pẹ́ ló sọ òótọ́ fún un. Obìnrin náà ò ní in lọ́kàn láti fi í ṣẹ̀sín, ṣe ló fẹ́ tọrọ àforíjì fún igbe tí ọmọ rẹ̀ ké. Ó gbé fóònù wá, ó fi Alápò hàn án, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọmọ nìyí. Màmá tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

"Wọ́n ti fi mí han ara mi," ó ní. "Èmi ni mò ń jí ọmọ gbé."

Mo na gbalaja sílẹ̀ sáàárín bébà àti wáyà.

"Dìde. Mi ò wá gba ìdọ̀bálẹ̀. Kí lo sọ fún mi nígbà tí ò ń yà mí?"

"Mo ní ẹ máa júwe ọ̀nà ulé, mà."

"Ta ló wá ń júwe rẹ̀?"

"Ẹyẹ ni, mà."

Ó mi orí. "Ṣé kò sí ojú ẹlòmíràn nínú ẹ̀rọ rẹ?"

"Ó wà, mà. Ojú wọn ni kò dúró." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ti ẹnu mi jáde, mo gbọ́ ọ bí ẹni tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí rárá ṣe máa gbọ́ ọ.

"Tèmi dúró," ó ní. "O rí ojú tó dúró, o so àpò mọ́ ọn. Nígbà tí mo bi ọ́ pé ṣé mò ń rùn, o mọ ìdí rẹ̀, o ní ìdánwò ni." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, ó ní, "Lọ bá mi mú un kúrò níbẹ̀." Ó yí padà, ó lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo mú pẹ́ńsùlù àti bébà, mo ya Alápò mìíràn, ọkùnrin tó fi aṣọ dí gbogbo ojú, ìpéǹpéjú nìkan ló hàn. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti lójú, ojú kankan ò ní láti dúró. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Mo ba iṣẹ́ ogójì ọdún obìnrin kan jẹ́ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n ronú kàn. Bùkọ́lá gbé géèmù tuntun náà jáde lọ́jọ́ kẹrin, kò sì bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá tù mí lára.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Èyí tí a tún ṣe ò dé orí fóònù ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, torí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbà á, ọ̀dọ̀ ara wọn ni. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń bẹ àwọn òbí kí wọ́n pa tàtijọ́ rẹ́. Àwọn kan pa á rẹ́ lójú mi. Àwọn kan ní àwọn ti gbọ́. Ọmọkùnrin kan wò mí lójú, ó ní, "Ti àkọ́kọ́ ló dùn jù." Lónìí, bí mo bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni fún géèmù, mo máa ń sọ ohun tí ojú náà yóò máa ṣe, bí ó bá sì yí padà lójú ọ̀nà, mo máa ń padà lọ bi olójú kí n tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Mo ti kọ́ Bùkọ́lá bẹ́ẹ̀, òun náà fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n Màmá Olúkọ́ ló sanwó rẹ̀.

Níkẹyìn, mo lọ bá àlùfáà ìjọ wa, mo ní kó fún mi láyè lọ́jọ́ Ìsinmi kan láti bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó bá àwọn òbí sọ ọ́, wọ́n kó ọmọ wọn wá, bẹ́ǹṣì kún. Màmá jókòó sí iwájú pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀. Mo fi ogójì fọ́tò náà hàn wọ́n, mo fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Mo ya sálúbàtà ọmọ kan ní fọ́tò, mo ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ẹranko eléyín gígùn, ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín kú. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa, pé mo mú ojú ẹni rere, mo fi ṣe ẹni burúkú láìgbàṣẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lójú gbogbo wọn.

"Ta ló yé?" Màmá bi wọ́n.

Tọ́pẹ́ nawọ́, ọmọ ọdún méje. Ó dìde, ó ní, "Fọ́tò yín ni Bọ̀dá Dáyọ̀ kó fún ẹ̀rọ, mà. Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé èèyàn ni yín. Alápò kò sí, irọ́ ni." Èmi gan-an ò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Inú Màmá dùn. Ó ní ẹni tó bá dáhùn dáadáa yẹ fún ẹ̀bùn. Ó mú bisikíìtì kan látinú páálí tó wà lórí tábìlì, ó nà án sí Tọ́pẹ́, ó ní, "Gbà, ọmọ mi." Tọ́pẹ́ wo bisikíìtì náà, ó wo ọwọ́ tó dì í mú, ó wo ojú Màmá. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Kò ké, kò sá. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń fẹ́ bisikíìtì náà.

Màmá dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Lẹ́yìn náà, ó gbé bisikíìtì náà sí etí bẹ́ǹṣì, ó rìn lọ sídìí ògiri, ó kọjú sí ògiri náà, ó kẹ̀yìn sí ọmọ náà. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi mú un, tó sì jẹ ẹ́ tán.